Ojú Ọ̀run Tó Ẹyẹ Fò: Charles Lindbergh Láàárín Eré Páráṣúùtì àti Iṣẹ́ Sójà

Bí a bá dárúkọ Charles Lindbergh, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rántí ni pé òun ni ó kọ́kọ́ dá wa bàálù láti New York dé Paris lọ́dún 1927 láì balẹ̀ níbì kankan. Ohun tí wọn kì í sábà rántí ni pé kí ó tó di ọ̀gá nínú bàálù wíwà, bíbẹ́ sílẹ̀ láti inú bàálù ni ó ń ṣe níwájú èrò ìwòran. Kì í ṣe sójà nígbà náà, ẹnikẹ́ni kò sì fi tipátipá mú un. Ó wù ú ni.

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, ohun mẹ́ta ni a fẹ́ yẹ̀ wò. Kí ni irú eré bẹ́ẹ̀ ń ṣe nínú ayé ẹni tí ó tún fẹ́ di sójà, tí ó sì tún ń kọ́ṣẹ́ awakọ̀ òfurufú? Ṣé eré ń ba iṣẹ́ jẹ́ ni, àbí ó ń tún un ṣe? Ìkẹta, tí ó ṣe pàtàkì jù lójú tiwa: ta ni wọ́n ń gbà láyè láti pa méjèèjì pọ̀?

Eré ni ó kọ́kọ́ jẹ́

Ọjọ́ 4 oṣù Kejì ọdún 1902 ni wọ́n bí Lindbergh ní ìlú Detroit, ṣùgbọ́n Little Falls ní ìpínlẹ̀ Minnesota ni ó gbé dàgbà. Bàbá rẹ̀ jẹ́ aṣòfin ní Washington láti 1907 sí 1917. Ọmọ náà wọ Yunifásítì Wisconsin láti kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà, àmọ́ èsì ìdánwò rẹ̀ kò dára. Nígbà tí ó di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1922, ó fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún yẹn, ó dé Lincoln ní ìpínlẹ̀ Nebraska, níbi tí ilé-iṣẹ́ kan ti ń ṣe bàálù, tí wọ́n sì ń kọ́ ènìyàn bí a ṣe ń wà á.

Ẹ̀kọ́ náà kò parí bí ó ṣe yẹ. Wákàtí díẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ ọ. Kí ó tó di pé wọ́n gbà á láyè láti dá gbé bàálù sókè, wọ́n ti ta bàálù tí wọ́n fi ń kọ́ ọ. Ọmọ ọdún 20 ni, ó ti náwó, kò sì tíì di awakọ̀. Ibi tí ó wà yìí ni tọkọtaya kan tí orúkọ wọn ń jẹ́ Hardin ti wá sí Lincoln ní oṣù Kẹfà. Páráṣúùtì ni wọ́n ń rán tà, tí wọ́n sì ń fi í ṣeré. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, aṣọ fẹ̀ǹfẹ̀ kan ni, tí afẹ́fẹ́ máa ń kún inú rẹ̀ bí agboòrùn ńlá, tí yóò sì mú ènìyàn wálẹ̀ jẹ́jẹ́. Lindbergh wo Charlie Hardin bí ó ṣe ń bẹ́, ó sì ní òun náà yóò bẹ́. Kì í tilẹ̀ ṣe bíbẹ́ lásán ni ó bẹ̀bẹ̀ fún. Ó ní alápò méjì ni òun fẹ́: kí àkọ́kọ́ ṣí, kí òun gé e dànù lójú ọ̀run, kí èkejì sì wá ṣí.

Ó gun ẹ̀gbẹ́ apá bàálù ní nǹkan bí 2,000 ẹsẹ̀ bàtà, ó sì já ara rẹ̀ sílẹ̀. Àkọ́kọ́ ṣí. Ó gé e. Èkejì fi falẹ̀, ó já wálẹ̀ ju bí ó ṣe yẹ lọ kí aṣọ tó gba afẹ́fẹ́. Nígbà tí ó balẹ̀ ni ó gbọ́ ìdí rẹ̀. Dípò okùn tí wọ́n máa ń lò fún irú ìdè bẹ́ẹ̀, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń di ọjà fún oníbàárà ni wọ́n fi so ó. A fẹ́ kí ẹ fi okùn yìí sọ́kàn, nítorí pé a óò padà sí i.

Nínú ìwé The Spirit of St. Louis tí Lindbergh kọ lọ́dún 1953, ó sọ pé láti kékeré ni òun ti máa ń lálàá pé òun ń já bọ́ láti ibi gíga, ẹ̀rù a sì máa bà òun. Lẹ́yìn ọjọ́ tí ó bẹ́ yẹn, kò lá irú àlá bẹ́ẹ̀ mọ́. Ohun àkọ́kọ́ tí eré yìí fún un nìyẹn: ó mú ìbẹ̀rù kan kúrò lára rẹ̀. Láti ìgbà náà, ó bá àwọn awakọ̀ kiri Kansas, Colorado, Wyoming àti Montana, ó ń rìn lórí apá bàálù, ó ń bẹ́, orúkọ rẹ̀ sì wà lára ìwé ìpolówó pé ògbójú ni. Lọ́dún 1923, ó ra bàálù Jenny kan ní 500 dọ́là ní Georgia. Irú bàálù yìí ni wọ́n fi kọ́ àwọn sójà nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Nígbà tí ogun parí, ìjọba ń tà wọ́n ní gbàǹjo. Ibẹ̀ ni ó ti kọ́kọ́ dá gbé bàálù sókè láyé rẹ̀.

Sójà àti àwọn eléré

Kí ẹ má rò pé àwọn sójà ló kọ́ àwọn eléré ní páráṣúùtì. Ní apá kan, òdìkejì rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ọ̀pọ̀ jù lọ awakọ̀ òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti Faransé àti ti Amẹ́ríkà ni kò ní páráṣúùtì nínú bàálù wọn. Bí bàálù bá gbiná, awakọ̀ bá a lọ. Lẹ́yìn ogun ni àwọn ológun Amẹ́ríkà kó àwọn kan jọ sí McCook Field ní Dayton, ìpínlẹ̀ Ohio, láti ṣe èyí tí ènìyàn lè gbé sẹ́yìn, tí yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa okùn rẹ̀ nígbà tí ó bá ti jìnnà sí bàálù. Ta ni ó dán an wò? Leslie Irvin, ẹni tí ó ti ń fi bíbẹ́ láti òkè ṣeré fún èrò ìwòran tipẹ́. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin ọdún 1919, ó bẹ́, ó fa okùn, aṣọ ṣí. Ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ kán nígbà tí ó balẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti fi hàn pé ènìyàn lè já wálẹ̀ díẹ̀ lójú ọ̀run kí ọkàn rẹ̀ má sì pòrúurùu. Àwọn kan ti gbà pé bí ènìyàn bá já báyìí, kò ní lè mọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe mọ́.

Lọ́dún 1922 kan náà tí Lindbergh bẹ́ ní Lincoln, ìyẹn ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá, bàálù Harold Harris bà jẹ́ lójú ọ̀run ní Dayton. Irú páráṣúùtì yìí ló yọ ọ́. Láti orí rẹ̀ ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Caterpillar Club sílẹ̀. Kòkòrò tí ó ń hun òwú sílíkì ni wọ́n fi sọ ẹgbẹ́ náà lórúkọ, nítorí pé sílíkì ni aṣọ páráṣúùtì ìgbà náà. Ẹni tí páráṣúùtì bá gba ẹ̀mí rẹ̀ là nìkan ló lè wọ̀ ọ́. Ẹni tí ó bẹ́ fún eré kò sí níbẹ̀.

Ọdún kan ní Texas

Ní oṣù Kẹta ọdún 1924, Lindbergh wọ iṣẹ́ ológun gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ awakọ̀ ní Brooks Field, ní San Antonio. Kì í ṣe ìfẹ́ ogun ló gbé e débẹ̀. Bàálù tí ó dára ni ó ń wá. Jenny rẹ̀ ti gbó, àwọn ológun sì ni wọ́n ní èyí tí ó yára, tí ó sì lágbára.

Ó bá ohun tí kò rò pàdé. Akẹ́kọ̀ọ́ 104 ni wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀. Ìwé pọ̀: ẹ̀kọ́ nípa ẹ́ńjìnnì, ojú ọjọ́, àwòrán ilẹ̀, òfin ológun, ìbọn. Ẹni tí kò bá gba 70 nínú ìdánwò lè padà sílé. Nínú ọ̀kan lára àwọn ìdánwò ìbẹ̀rẹ̀, 72 ni Lindbergh gbà. Ọmọkùnrin tí ó sá fún ìwé ní Wisconsin wá di ẹni tí ó ń kàwé títí di òru. Ní oṣù Karùn-ún, bàbá rẹ̀ kú, ó sì ń bá ẹ̀kọ́ lọ.

Ní ti bàálù wíwà, ó ti mọ púpọ̀ ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, nítorí ọdún méjì tí ó fi ń ṣeré kiri. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ yẹn ní àbùkù. Eléré máa ń fò ní òun nìkan, bí ó bá ṣe wù ú. Sójà ń fò pẹ̀lú ẹlòmíràn lápá ọ̀tún àti lápá òsì, gbogbo wọn sì ń tẹ̀lé ẹnì kan. Ohun tí eré kò lè kọ́ ọ ni bí a ṣe ń pa ipò ẹni mọ́.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kan ra. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹta ọdún 1925, nígbà tí ó ku ọjọ́ mẹ́jọ kí wọ́n parí ẹ̀kọ́, ojú ọ̀run kò tó. Ní Kelly Field, bàálù mẹ́sàn-án ń ṣe bí ẹni ń kọlu ọkọ̀ ọ̀tá. Bàálù Lindbergh àti ti Lieutenant McAllister kọlu ara wọn, wọ́n há mọ́ra, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí wálẹ̀. Lindbergh yọ bẹ́líìtì, ó gun etí ibi ìjókòó rẹ̀, ó sì fi ẹ̀yìn bẹ́. Kò fa okùn lójú ẹsẹ̀. Ó jẹ́ kí òun já wálẹ̀ díẹ̀ kí àwókù bàálù méjèèjì má baà já lé e lórí. Ìgbà tí ó rí i pé ó ti jìnnà sí wọn ni ó tó fà á. McAllister náà balẹ̀ láyọ̀. Nǹkan bí wákàtí kan lẹ́yìn náà, àwọn méjèèjì ti tún wà lójú ọ̀run nínú bàálù mìíràn.

Sùúrù tí kò jẹ́ kí ó fa okùn kíákíá yẹn, níbo ni ó ti rí i? Àwọn ológun kì í mú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ kí ó fi kọ́ra nígbà náà. Páráṣúùtì wà fún ọjọ́ ibi nìkan. Lójú tiwa, láti inú eré ni ó ti wá. Ẹni tí èkejì ti falẹ̀ fún ní Lincoln ti mọ bí ó ṣe ń rí lára. Ṣùgbọ́n ẹ rántí okùn ọjà yẹn. Ní Kelly Field, páráṣúùtì tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ kì í ṣe èyí tí ẹnì kan fi okùn ìdìrù so ní àárọ̀ eré. Àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n ká a, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì dáhùn fún un. Eré fún un ní ọkàn tí kò dàrú. Iṣẹ́ ológun fún un ní okùn tí kò já. Bí ọ̀kan bá wà tí èkejì kò sí, a kì bá má gbọ́ orúkọ Lindbergh lónìí.

Nígbà tí wọ́n parí ẹ̀kọ́, akẹ́kọ̀ọ́ 18 ló ṣẹ́kù nínú 104. Lindbergh ló ṣe ipò kìíní.

Agbélẹ́tà láàárín ọ̀sẹ̀, sójà lọ́jọ́ ìsinmi

Àwọn ológun kò ní iṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ awakọ̀ tuntun, nítorí náà wọ́n fi í sínú àwọn ọmọ ogun ìpamọ́. Ó lọ sí St. Louis, ó ń kọ́ ènìyàn ní bàálù, ó sì wọ ẹgbẹ́ National Guard ti Missouri, àwọn ọmọ ogun tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ wọn láàárín ọ̀sẹ̀, tí wọ́n sì ń ṣe ti ológun nígbà tí àyè bá wà. Láti ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin ọdún 1926, ó ń gbé lẹ́tà láàárín St. Louis àti Chicago, ojú ọjọ́ ìbáà dára, ìbáà burú.

Lásìkò yìí, bíbẹ́ kì í ṣe eré mọ́. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1925, ó bẹ́ kúrò nínú bàálù tuntun kan tí ó ń dán wò. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1926, kùrukùru bo ilẹ̀, epo sì tán. Wọ́n ti fi táǹkì kékeré rọ́pò ńlá, ẹnikẹ́ni kò sì sọ fún un. Ó bẹ́ nítòsí Ottawa ní ìpínlẹ̀ Illinois. Bí ó ṣe ń balẹ̀, ó gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì tún bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Epo díẹ̀ tí ó kù ti ṣàn wọ inú rẹ̀ nígbà tí imú bàálù dorí kodò, bàálù tí kò lẹ́nì kan nínú sì ń yí i po bí àṣá. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kọkànlá, yìnyín àti òkùnkùn tún mú kí ó bẹ́ nítòsí Covell. Ìgbà mẹ́rin ni páráṣúùtì gba ẹ̀mí rẹ̀ là láàárín ọdún méjì. Lẹ́yìn èyí tí ó bẹ́ ní oṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kọkànlá, ó wá àwókù bàálù rẹ̀ lọ kí ó lè kó àwọn lẹ́tà inú rẹ̀.

Nígbà tí ó wá ń lọ sí Paris, ní ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún ọdún 1927, kò mú páráṣúùtì lọ. Ìwúwo rẹ̀ tó nǹkan bí 20 pọ́n-ùn, epo ni ó fẹ́ fi àyè yẹn gbé. Ẹni tí ó gbẹ́kẹ̀ lé aṣọ yẹn nígbà mẹ́rin ló fi í sílẹ̀, nítorí pé ó mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ: lójú òkun Atlantic, bí ó bá tilẹ̀ balẹ̀ láyọ̀, ta ni yóò wá gbé e? Wákàtí 33 àti ààbọ̀ ni ó fi dé ibẹ̀.

A kò ní sọ pé gbogbo ìwà rẹ̀ ni kí a yìn. Lọ́dún 1938, ó gba oyè láti ọwọ́ ìjọba Hitler; lọ́dún 1941, ó sọ̀rọ̀ ní gbangba tí ó fi di ẹ̀bi sórí àwọn Júù. Ó kọ̀wé fi ipò ológun rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún yẹn kan náà. Ẹni tí kì í bẹ̀rù òfurufú lè ṣìnà lórí ilẹ̀.

Ẹyẹ tí wọn kò fún láyè

Ẹ jẹ́ ká wá wo ẹlòmíràn tí ó gbé ayé ní àkókò kan náà. Bessie Coleman, ọmọbìnrin adúláwọ̀, ni wọ́n bí ní Texas lọ́dún 1892. Ó ń tún èékánná ọwọ́ ṣe ní Chicago nígbà tí ìfẹ́ bàálù wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Kò sí ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Amẹ́ríkà tí ó gbà á. Ó kọ́ èdè Faransé, ó rékọjá òkun, ó sì gba ìwé-ẹ̀rí awakọ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà ọdún 1921, kí Lindbergh tó fọwọ́ kan bàálù. Eré àkọ́kọ́ tí ó ṣe ní New York ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1922, àwọn sójà adúláwọ̀ tí wọ́n jà ní ilẹ̀ Faransé ni ó fi bu ọlá fún.

Òun náà ra Jenny. Òun náà ń ṣeré kiri. Ṣùgbọ́n nígbà tí Lindbergh fẹ́ bàálù tí ó dára, ó kan ilẹ̀kùn àwọn ológun, wọ́n sì ṣí i. Ilẹ̀kùn yẹn kò sí fún Coleman, nítorí àwọ̀ rẹ̀ àti nítorí pé obìnrin ni. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin ọdún 1926, ní Jacksonville, wọ́n gbé Jenny ògbólógbòó kan sókè, William Wills ló ń wà á. Coleman fẹ́ fi páráṣúùtì bẹ́ níbi eré ọjọ́ kejì, nítorí náà ó tú bẹ́líìtì rẹ̀ kí ó lè yọjú wo ibi tí yóò balẹ̀ sí. Irin tí wọ́n fi ń tú nọ́ọ̀tì há sínú ẹ̀rọ ìdarí, bàálù dorí kodò, ó sì ju ú síta. Kò sí páráṣúùtì lára rẹ̀. Wills náà kú. Ọmọ ọdún 34 ni Coleman.

Ìgboyà Coleman kò kéré sí ti Lindbergh. Ohun tí kò ní ni ẹni tí yóò yẹ bàálù wò, tí yóò sì dáhùn bí irin bá wà níbi tí kò yẹ. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹta ọdún 1942 ni àwọn adúláwọ̀ márùn-ún àkọ́kọ́ tó parí ẹ̀kọ́ awakọ̀ ológun ní Tuskegee. Ọdún 17 ti kọjá lẹ́yìn tí Lindbergh parí tirẹ̀.

Ohun tí a rí dì mú

A máa ń gbọ́ pé kí ènìyàn fi eré sílẹ̀ bí iṣẹ́ bá dé. Ìtàn yìí kò sọ bẹ́ẹ̀. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Bíbẹ́ tí Lindbergh bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí eré di ohun tí ó gba ẹ̀mí rẹ̀ là lẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìtàn náà kò tún sọ pé ìgboyà nìkan tó. Eré nílò ẹ̀kọ́, ẹ̀kọ́ nílò ilé tí yóò gbà á, ilé náà sì gbọ́dọ̀ ṣí ilẹ̀kùn fún gbogbo ẹni tí ó bá yẹ.

Nígbà mìíràn tí ẹnì kan bá ń sọ fún yín pé ìgboyà ló gbé àwọn ènìyàn ńlá dé ibi tí wọ́n dé, ẹ bi í léèrè: ta ni ó di okùn fún wọn? Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò lóòótọ́. Orí ilẹ̀ ni wọ́n ti ń pinnu ẹyẹ tí yóò gbéra.